Ewé Wo Ló Wà Nínú Àgbo Yìí? Bí A Ṣe Ń Wá Sọ́fítíwíà Olómìnira

Ẹ̀gbọ́n mi, ìbéèrè tí ẹ bi mí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, ẹ ń dúró kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yín, ẹ wá ní, "Àbúrò, ọmọkùnrin tó ń bá mi fi sọ́fítíwíà sórí kọ̀ǹpútà tún ti gba owó lọ́wọ́ mi. Kò sì sígbà tó máa ṣe é tán tí fáírọ́ọ̀sì kì í tẹ̀ lé e. Wọ́n ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ wà. Níbo ni wọ́n ń kó o sí?" Mo dáhùn ní ṣókí nítorí àwọn oníbàárà ti tò sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìdáhùn ọjọ́ yẹn kò tó. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀ lónìí, torí ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù jẹun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, èdè wa là ju èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ohun tí a kò sanwó fún àti ohun tí ẹnikẹ́ni kò dè mọ́lẹ̀. Láti nǹkan bí ogójì ọdún ni àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ti ń ṣàlàyé fún aráyé pé ìtumọ̀ kejì ni àwọn ní lọ́kàn. Àwa ní ọ̀fẹ́, a sì ní òmìnira. Ọ̀pọ̀ áàpù tó wà lórí fóònù yín jẹ́ ọ̀fẹ́, kò sì sí òmìnira kankan nínú rẹ̀: ẹ kò san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ohun tó ń ṣe lábẹ́lẹ̀, ẹ kò sì láṣẹ láti tún un ṣe tàbí láti ṣe àdàkọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Sọ́fítíwíà olómìnira sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ àìsanwó kọ́ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀.

Ẹ wo àgbo ibà. Obìnrin kan gbé ìgò kan fún yín, ó ní kí ẹ máa mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ bi í pé ewé wo ló wà níbẹ̀, ó ní àṣírí ìdílé àwọn ni. Obìnrin kejì gbé tirẹ̀ wá, ó ka ohun inú rẹ̀ fún yín: dóńgóyárò, ewé ìbẹ́pẹ, ewé tíì, èèpo mángòrò. Ó ní tí ọ̀kan kò bá bá yín lára mu, kí ẹ yọ ọ́. Tí ibà bá mú ará ilé kejì, kí ẹ sè é fún òun náà. Ti obìnrin kejì yìí ni sọ́fítíwíà olómìnira. Ewé inú rẹ̀ ni kóòdù, ìyẹn àwọn ìlànà tí ẹni tó ṣe é kọ sílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè mọ ohun tí yóò ṣe. Ẹ lè má mọ kóòdù kà, èmi náà kò mọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ewé máa ń fọkàn balẹ̀ tó bá mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ti yọjú wo inú ìkòkò, wọn kò sì rí ohun àjèjì níbẹ̀.

Orísun ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé yín, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lára ohun tó fà á. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ní yàrá ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà tí gbogbo wọn jọ ń lò. Kò sí nítòsí ibi tí wọ́n jókòó sí. Tí bébà bá há sínú rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ àfi tó bá rìn lọ síbẹ̀. Richard Stallman, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ti tún kóòdù ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ṣe, kí ó lè máa ránṣẹ́ sí àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ wọn pé bébà ti há o. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Xerox fún wọn ní ẹ̀rọ tuntun, kóòdù rẹ̀ kò bá a wá. Stallman lọ bá ẹnì kan ní yunifásítì Carnegie Mellon tí kóòdù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Onítọ̀hún ní òun ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí tí bébà bá há nígbà tí oníbàárà dúró tì yín lórí. Ẹ wá rò ó wò pé ẹ mọ àtúnṣe rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ yín.

Lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, Stallman kéde iṣẹ́ kan tó pè ní GNU, pé àwọn yóò kọ ètò kọ̀ǹpútà odindi tí ẹnikẹ́ni kò ní lè ti mọ́lé. Ní 1985 ó dá Free Software Foundation sílẹ̀. Wọ́n ka ẹ̀tọ́ mẹ́rin tí sọ́fítíwíà gbọ́dọ̀ fún ẹni tó ń lò ó kó tó lè pe ara rẹ̀ ní olómìnira. Ẹ lè lò ó fún iṣẹ́ tó bá wù yín. Ẹ lè wo inú rẹ̀ kí ẹ sì tún un ṣe. Ẹ lè ṣe àdàkọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ lè pín èyí tí ẹ tún ṣe náà. Ìwé tó kó àwọn ẹ̀tọ́ yìí sínú ni wọ́n ń pè ní láísẹ́ǹsì. Ní 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki ní Finland, Linus Torvalds, gbé Linux, ọkàn ètò kọ̀ǹpútà kan, jáde. Òun náà ló wà nísàlẹ̀ Android tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù yín. Ní 1998 ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe irú iṣẹ́ yìí ní "open source", ìyẹn èyí tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Àríyànjiyàn wà láàárín àwọn tó ń lo orúkọ méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa rí lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù yín fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀.

Ó ku ibi tí a ti ń rí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe sínú Google, wọ́n á fi "ọ̀fẹ́" kún un lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á tẹ èyí tó bá kọ́kọ́ jáde. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan tí mò ń wá ohun tí màá fi gé orin. Ìkànnì tí mo bá pàdé fi bọ́tìnì aláwọ̀ ewé gbàgàdà hàn mí, mo tẹ̀ ẹ́. Sọ́fítíwíà tí mo fẹ́ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n mẹ́ta mìíràn tí mi ò pè tẹ̀ lé e wọlé, ojú ìwé tí mo fi ń ṣí íntánẹ́ẹ̀tì yí padà, kọ̀ǹpútà mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Ohun tó dùn mí jù ni pé sọ́fítíwíà tí mo ń wá gan-an jẹ́ olómìnira. Ó wà ní ìkànnì àwọn tó ṣe é, ní mímọ́, láìsí àbùlà. Ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ni mo lọ kàn.

Nítorí irú èyí ni àwọn àtòjọ fi wà. Ẹni tí kò dé ọjà Dùgbẹ̀ rí, tó sì fẹ́ ra ohun kan pàtó, kò ní máa tẹ̀ lé ẹni tó bá pariwo jù. Yóò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á, tó mọ ẹni tó ni ìsọ̀, tó sì mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àtòjọ sọ́fítíwíà ni atọ́nà yẹn. Mẹ́rin ni màá júwe fún yín, nítorí ohun tí ìkọ̀ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí tèkejì.

Èkíní ni Free Software Directory, tó jẹ́ ti Free Software Foundation fúnra wọn, ní directory.fsf.org. Àjọ UNESCO bá wọn lọ́wọ́ sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ pàtàkì ni láísẹ́ǹsì. Kí wọ́n tó fi nǹkan sínú rẹ̀, èèyàn ẹlẹ́ran ara kan, olùyọ̀ǹda ara ẹni lọ́pọ̀ ìgbà, yóò wo inú kóòdù láti rí i dájú pé ìwé àṣẹ tí wọ́n kọ síta bá ti inú mu. Ẹ máa rí i níbẹ̀ pé ẹnì kan ti yẹ̀ ẹ́ wò, àti ọjọ́ tó ṣe é.

Èkejì ni àká Debian, ètò kọ̀ǹpútà olómìnira kan. Ian Murdock ló dá iṣẹ́ Debian sílẹ̀ ní 1993, káàkiri ayé sì ni àwọn tó ń bójú tó o wà. Láti 1997 ni wọ́n ti ní ìlànà tí wọ́n fi ń yan sọ́fítíwíà tó lè wọ àárín ilé, ibi tí wọ́n ń pè ní "main". Èyí tí kò bá kún ojú ìlànà, ìta ni wọ́n ń tò ó sí, wọ́n á sì kọ ọ́ sí i lára. Nígbà tí Debian 12 jáde ní 2023, àpò sọ́fítíwíà 64,419 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ lè ní Windows ni tiyín. Kò burú. Ẹ ṣì lè lọ sí packages.debian.org láti fi í ṣe òṣùwọ̀n: tí ohun tí wọ́n júwe fún yín bá wà ní "main", àwọn tó mọ ewé ti wò ó.

Ẹ̀kẹta ni F-Droid, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Ti fóònù Android ni. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé, fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn áàpù, wọn kì í kàn gba èyí tí oníṣẹ́ ti sè délé. Wọ́n máa ń gba kóòdù rẹ̀, wọ́n á sè é fúnra wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ohun tó dé ọ̀dọ̀ yín kò yàtọ̀ sí èyí tó wà ní gbangba. Kò sí nínú ilé ìtajà Google. Inú f-droid.org ni ẹ ti máa mú un, fóònù yóò sì béèrè bóyá ẹ fọwọ́ sí i kí ó tó wọlé.

Ẹ̀kẹrin ni AlternativeTo, tó ti wà láti 2009. Ẹni tó mọ orúkọ ohun tó ń lò, tí kò sì mọ àrọ́pò rẹ̀, ló wúlò fún jù. Ẹ kọ orúkọ sọ́fítíwíà olówó tí ẹ mọ̀ síbẹ̀, á to àwọn tó lè ṣe irú iṣẹ́ kan náà sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i o: olówó, ọ̀fẹ́ àti olómìnira ló jọ kó pọ̀ níbẹ̀, àwọn aráàlú ló sì ń kọ wọ́n sí i. Ẹ gbọ́dọ̀ yan "Open Source" níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ wọn, kí àwọn yòókù lè kúrò lójú yín. Á tọ́ka ọ̀nà fún yín. Ẹ wá lọ béèrè òótọ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta ìṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká jọ ka ojú ìwé kan. Ẹ ṣí F-Droid, ẹ wá NewPipe, áàpù tí èèyàn fi ń wo fídíò YouTube láìní àkáǹtì. Lókè, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kan tó sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Láísẹ́ǹsì rẹ̀ nìyẹn, GPL ẹ̀dà kẹta, tó ní ẹ̀tọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọ̀nà tó lọ sí ibi tí kóòdù wà. Bí ẹ kò tilẹ̀ ní kà á, ó yẹ kí ọ̀nà náà ṣí. Ẹ tún sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ẹ̀dà rẹ̀ àti ọjọ́ tí ìkọ̀ọ̀kan jáde ló wà níbẹ̀. Tí èyí tó kẹ́yìn bá ti ju ọdún mélòó kan lọ, ó lè jẹ́ pé alágbo ti kó ìkòkò rẹ̀ kúrò nídìí ààrò. Ẹ wo ohun tí áàpù náà ń gbàṣẹ láti ṣe lórí fóònù yín. Ẹni tó ń wo fídíò kò yẹ kó máa béèrè nọ́ńbà àwọn ọ̀rẹ́ yín.

Àmì ìkìlọ̀ ló gbẹ̀yìn, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ má fojú fò. F-Droid máa ń kọ àléébù áàpù sí i lára. Tó bá ń fi ìpolówó hàn, wọ́n á kọ ọ́. Tó bá ń ṣọ́ èèyàn, wọ́n á kọ ọ́. Tí wọ́n bá ti mọ àlàfo tí olè lè gbà wọlé sínú rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́. NewPipe olómìnira ni, síbẹ̀ ìkìlọ̀ wà lára rẹ̀ pé ó gbára lé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe olómìnira, ìyẹn YouTube. Wọn kò lé e jáde nítorí ìyẹn, wọn kò sì fi í pa mọ́ fún yín. Ẹ̀yin lẹ ó pinnu. Ọlọ́jà tó máa sọ àbùkù ọjà orí àtẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Àtòjọ pàápàá máa ń darúgbó. Freshmeat bẹ̀rẹ̀ ní 1997, gbogbo ẹni tó ń wá sọ́fítíwíà Linux nígbà náà ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Freecode ní 2011, nígbà tó sì di 2014 wọn kò fi nǹkan tuntun kún un mọ́. SourceForge, tó ti wà láti 1999, gbajúmọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2015, àwọn èèyàn fi ẹ̀hónú hàn pé wọ́n ti di sọ́fítíwíà ìpolówó mọ́ GIMP, sọ́fítíwíà àtúnṣe fọ́tò, tí wọ́n ń pín fún àwọn oní-Windows. Ní 2016, ọwọ́ àwọn mìíràn ló bọ́ sí, wọ́n sì fòpin sí àṣà náà. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìyẹn ni pé kí n fi àtòjọ wá orúkọ, kí n fi ka ìtàn rẹ̀, kí n sì tẹ ọ̀nà tó lọ sí ìkànnì àwọn tó ṣe é gan-an. VLC tí a fi ń wo fídíò, videolan.org. LibreOffice tí a fi ń tẹ ìwé, libreoffice.org. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn tó ṣe é náà lè yí padà, ibẹ̀ sì ni láísẹ́ǹsì ti ń ṣiṣẹ́ tí owó kò lè ṣe. Àwọn áàpù kéékèèké kan wà tí wọ́n ń pè ní Simple Mobile Tools, fún fọ́tò, kàlẹ́ńdà àti nọ́ńbà àwọn èèyàn. Àìmọye èèyàn fẹ́ràn wọn. Ní ìparí 2023, ẹni tó ni wọ́n tà wọ́n fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹ̀rù sì ba àwọn tó ń lò wọ́n. Bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ lásán ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòdù wà ní gbangba, ẹ̀tọ́ láti tún un ṣe àti láti pín in sì wà nínú ìwé. Ọ̀kan nínú àwọn tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ mú kóòdù náà, ó pè é ní Fossify, iṣẹ́ ń bá a lọ. Ó wà lórí F-Droid. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ kan kúrò níbẹ̀, àyà ṣì ń dún.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ṣọ́ọ̀bù yín. Fún lẹ́tà àti ìwé títẹ̀, LibreOffice, tó yà kúrò lára OpenOffice ní 2010. Ó ń ṣí fáìlì Word. Fún fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, GIMP. Fún ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó tó ní ojú ewé púpọ̀, Scribus. Fún iṣẹ́ tí ẹ ń fi CorelDRAW ṣe, Inkscape. Mi ò ní tàn yín: Inkscape lè ṣí àwọn fáìlì Corel kan, àwọn mìíràn sì máa ń dà rú. Ẹ má pa èyí tí ẹ ń lò rẹ́ lónìí. Ẹ fi tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ṣe iṣẹ́ kan tí kò yá kánkán, títí tí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún ti ṣàròyé fún mi pé àmì orí máa ń fò kúrò lórí lẹ́tà nígbà tí ẹ bá ń tẹ Yorùbá. Nínú ètò lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, é ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà máa ń gbé àmì ka orí ẹ, tí fọ́ǹtì kò bá sì mọ ibi tó yẹ kó gbé e sí, á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fọ́ǹtì Gentium mọ ọ́n gbé, olómìnira sì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Keyman, tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí ẹ lè fi sórí kọ̀ǹpútà àti fóònù. Orúkọ àwọn bàbá wa tí a ń kọ sínú ìwé ìsìnkú tọ́ sí àmì tó jókòó dáadáa.

Ẹ ó sọ pé dátà wọ́n, LibreOffice nìkan sì ju 300 MB lọ. Òótọ́ ni. Ẹ̀tọ́ kẹta ló yanjú ìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ládùúgbò lè dáńlóòdù rẹ̀, kó fi fláàṣì pín in fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òpópónà wa. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní olè. Ẹni tó kọ ọ́ ló fún wa láṣẹ.

Ọmọkùnrin tó ń ṣe kọ̀ǹpútà yín náà ńkọ́? Ẹ má lé e. Kò sí ohun tó burú nínú kó gbowó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àkókò rẹ̀ àti ìmọ̀ rẹ̀. Láísẹ́ǹsì wọ̀nyí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá tún dé, kó tó ti fláàṣì rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, ẹ ní kó kọ́kọ́ ṣí ojú ìwé sọ́fítíwíà náà nínú àtòjọ kan, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wo láísẹ́ǹsì rẹ̀, ọjọ́ tó jáde kẹ́yìn, àti ìkìlọ̀ tó wà lára rẹ̀. Tí kò bá rí i níbì kankan, ẹ bi í ní ìbéèrè tí ẹ máa ń bi alágbo: ewé wo ló wà nínú rẹ̀?